Ṣúgà mi ń gòkè bí mo bá ń gbé irin, ó sì ń já wálẹ̀ lóru: kí ni kí n ṣe sí ínsúlínì mi?

AgbérinTuntun

Mo kí gbogbo ilé o. Àtọ̀gbẹ irú kìíní ni mo ní, èyí tí ara kò lè fúnra rẹ̀ ṣe ínsúlínì tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó ti pé ọdún 11 báyìí, abẹ́rẹ́ ni mo sì fi ń gba ínsúlínì: ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́ fún èyí tó ń pẹ́ lára, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún èyí tó ń yára ṣiṣẹ́ tí mo máa ń gbà kí n tó jẹun. Oṣù méjì sẹ́yìn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin. Ṣáájú ìgbà náà, eré sísá nìkan ni mo mọ̀, mo sì ti mọ̀ pé bí mo bá sáré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ṣúgà mi yóò lọ sílẹ̀, nítorí náà mo máa ń jẹ nǹkan díẹ̀ kí n tó jáde. Mo rò pé bákan náà ni irin yóò rí.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, 132 mg/dL ni ṣúgà mi nígbà tí mo wọ ilé ìdárayá ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Mo gbé irin lé èjìká, mo ń lóṣòó, mo ń dìde. Mo gbé e láti ilẹ̀. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo ń tì í sókè. Irin náà wúwo débi pé n kò lè gbé e ju ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lọ kí n tó sinmi. Nígbà tí mo parí lẹ́yìn wákàtí kan, 231 ni ẹ̀rọ kà. Ẹ̀rù bà mí. Mo gba odindi ìwọ̀n ínsúlínì tí mo máa ń fi fa irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ wálẹ̀, nígbà tó sì di wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, mo tún gba ti oúnjẹ alẹ́. Ní aago méjì òru, òógùn ló jí mi, aṣọ ibùsùn ti rin gbingbin, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ṣúgà mi sì ti di 52. Ìyàwó mi ló po ṣúgà mọ́ omi fún mi, torí n kò lè dìde.

Ó ní kí n pa irin tì. N kò fẹ́ pa á tì, nítorí láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń rí i pé ara mi le sí i, ínsúlínì tí mo ń gbà lóòjọ́ sì ti dín kù díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé irin máa ń mú ṣúgà gòkè ni, àbí ó máa ń mú un wálẹ̀?

Alágbára_Jẹ́jẹ́

Àbúrò, méjèèjì ló ń ṣe, àmọ́ kì í ṣe lákòókò kan náà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ń tan ènìyàn jẹ. Ọdún 22 nìyí tí èmi náà ti ń bá irú kìíní yí, mo sì ti ń gbé irin fún ọdún 15 nínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ lóru ọjọ́ yẹn ti ṣẹlẹ̀ sí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ̀dọ̀ ni àká tí ara ń kó ṣúgà pamọ́ sí. Nígbà tí o bá dojú kọ irin tó wúwo, ara gbà pé ìjà dé, ó sì da adrenaline àti àwọn họ́mọ́ònù mìíràn sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn wọ̀nyí ló ń pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ pé kó ṣí àká. Ṣúgà tó ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀ ju èyí tí iṣan ara lè jó tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí o fi ń gbé e. Lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, ínsúlínì yóò jáde fúnra rẹ̀ bó bá parí, yóò sì kó àṣẹ́kù náà kúrò nílẹ̀. Tiwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí o fi rí 231. Eré sísá jẹ́jẹ́ yàtọ̀, torí pé iṣan ń fa ṣúgà lọ láìdáwọ́ dúró fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀dọ̀ kò sì rí ìdí tí yóò fi sáré tú àká.

Apá kejì ló lágbára jù. Iṣan tó ti ṣiṣẹ́ ti ná ṣúgà tó wà nípamọ́ nínú rẹ̀, yóò sì máa fà á padà láti inú ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí 24, nígbà mìíràn títí dé 48. Ní gbogbo àkókò yẹn, ínsúlínì díẹ̀ yóò ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀. Ìwọ wá kó mẹ́ta lé ara wọn: odindi ínsúlínì àtúnṣe, ti oúnjẹ alẹ́ tí o gbà nígbà tí àkọ́kọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àti iṣan tí ebi ń pa. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ pé 52 ló bá ọ, pé kò kéré sí i.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé bí mo bá parí tí ṣúgà ga, n kì í fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ kíá. Mo máa ń rìn díẹ̀, mo máa ń mu omi, mo sì máa ń dúró fún ìdajì wákàtí sí wákàtí kan kí n tó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá dúró gbagidi sókè, ìdajì ìwọ̀n àtúnṣe ni mo máa ń gbà. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ṣúgà ẹ̀yìn irin, ẹ̀sọ̀ ló ń fẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Àtọ̀gbẹ

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, mo fẹ́ fi nọ́ńbà díẹ̀ kún un, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú díwọ̀n.

Ẹni tó ń gba ínsúlínì tí ṣúgà rẹ̀ wà láàárín 126 sí 180 mg/dL, èyí tí ẹ̀rọ àwọn mìíràn ń kà sí 7 sí 10 mmol/L, lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá wà lábẹ́ 90, kó kọ́kọ́ mu glúkóòsì gíráàmù 10 sí 20, kó sì dúró títí yóò fi kọjá 90. Láàárín 90 sí 125, ẹni tó fẹ́ sáré ni yóò mu gíráàmù 10, ẹni tó fẹ́ gbé irin wúwo lè bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti kọjá 270 láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun, kó yẹ kétónì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ìyẹn ekikan tí ara ń tú jáde bó bá ń jó ọ̀rá dípò ṣúgà: bí kétónì bá tó 1.5 mmol/L tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí irin lọ́jọ́ náà, ìtọ́jú ló kàn. Bí ó bá wà láàárín 0.6 sí 1.4, kó tún ìyẹn ṣe ná.

Ẹ̀yin AgbérinTuntun, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn dáadáa. Bí ṣúgà ènìyàn bá já wálẹ̀ débi pé ẹlòmíràn ló ní láti ràn án lọ́wọ́, bí ti yín lóru ọjọ́ yẹn, kò gbọdọ̀ ṣe eré ìdárayá kankan fún wákàtí 24 tó tẹ̀ lé e. Ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú irú rẹ̀ kì í lè pariwo mọ́ bó bá tún ń já. Òógùn àti gbígbọ̀n tó jí yín lè má wá lẹ́ẹ̀kejì.

Bí ṣúgà bá wà lábẹ́ 70, ẹ mu gíráàmù 15 glúkóòsì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un yẹ̀ wò, ẹ sì tún un ṣe bí kò bá tíì gòkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ìyàwó yín pé bí ẹ kò bá lè gbé nǹkan mì, tàbí tí ẹ kò dáhùn, kò gbọdọ̀ da ohunkóhun sí yín lẹ́nu. Glucagon, oògùn tó ń mú ṣúgà gòkè kíá, ni kó fún yín bí ó bá wà nílé, kó sì pe ìrànlọ́wọ́ ní kíá.

Níbo ni ẹ máa ń gún abẹ́rẹ́ sí? Bó bá jẹ́ itan, tí ẹ sì lọ ń lóṣòó tí ẹ ń dìde pẹ̀lú irin, ẹ̀jẹ̀ yóò máa sáré gba ibẹ̀ kọjá, ínsúlínì náà yóò sì wọlé kíákíá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ikùn ló dára jù lọ́jọ́ irin, kí ẹ sì máa yí ojú ibẹ̀ padà kó má baà wú.

Abẹ́rẹ́_Ti_Sú_Mi

Mo dúpẹ́ fún àlàyé yìí. Ní tèmi, ọ̀nà tí mo gbà yanjú rẹ̀ ni pé n kì í gba ínsúlínì tó ń pẹ́ lára rárá lálẹ́ ọjọ́ tí mo bá gbé irin. Mo ti ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, n kò sì já wálẹ̀ lóru mọ́. Òótọ́ ni pé ṣúgà mi máa ń wọ 300 láàárọ̀, tí inú sì máa ń rìn mí díẹ̀, àmọ́ ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí n máa jí nínú òógùn.

Nọ́ọ̀sì_Àtọ̀gbẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo mọ bí òru yẹn ṣe máa ń dẹ́rù ba ènìyàn, n kò sì dá yín lẹ́bi pé ẹ wá ọ̀nà láti sá fún un. Ṣùgbọ́n inú rírìn tí ẹ mẹ́nu kàn yẹn kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Nígbà tí kò bá sí ínsúlínì rárá lára ẹni tó ní irú kìíní, ara kò lè lo ṣúgà, bó tilẹ̀ kún inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá ni yóò máa jó, kétónì ni yóò sì máa tú jáde títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi di ekikan. Èébì, inú rírun, èémí tó jinlẹ̀ tó sì ń yára, àti òórùn bí ti èso tó ti pọ́n jù lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e, ó sì ń pa ènìyàn. Bí inú bá tún rìn yín pẹ̀lú ṣúgà 300, kétónì ni kí ẹ yẹ̀ wò lẹ́sẹ̀ kan náà, bí ó bá sì ga, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọrí sí.

Ohun tí a máa ń ṣe ni dídín in kù, kì í ṣe fífò ó. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni a sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìdárayá ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìmọ̀ dókítà tó ń tọ́jú yín, torí òun ló mọ irú èyí tí ẹ ń lò. Irú ínsúlínì kan wà, bíi degludec, tó ń ṣiṣẹ́ kọjá wákàtí 24 dáadáa. Dídín irú ìyẹn kù lálẹ́ kan kò ní gbà yín lóru ọjọ́ náà, ọjọ́ kejì ni yóò tó hàn. Ti oúnjẹ alẹ́ ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dín kù, tàbí kó jẹ nǹkan díẹ̀ sí i kó tó sùn.

Onípọ́ǹpù

Pọ́ǹpù ni mo ń lò, ẹ̀rọ kékeré tó ń fún ínsúlínì sí mi lára, nítorí náà kò ṣòro fún mi láti dín ínsúlínì abẹ́lẹ̀, èyí tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán tòru, kù fún wákàtí mélòó kan lóru. Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo máa ń yọ pọ́ǹpù kúrò pátápátá bí mo bá fẹ́ gbé irin, bí mo ti ń ṣe nígbà tí mo ń wẹ̀ lódò. Ṣúgà á lọ sókè nítorí irin, á tún lọ sókè nítorí pé kò sí ínsúlínì, mo sì máa ń lo ìdajì òru láti tún un ṣe. Ní báyìí, mo máa ń fi sílẹ̀ lára, ó sì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ náà wà níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí a ń lẹ̀ mọ́ ara láti máa ka ṣúgà. Sẹ́ńsọ̀ kì í ka ẹ̀jẹ̀ gan-an, omi tó wà láàárín ẹran ara ló ń kà, nítorí náà ó ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ gbẹ̀yìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá nígbà tí ṣúgà bá ń yára gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá sì fi apá tí sẹ́ńsọ̀ wà sùn, ó lè pariwo pé ṣúgà ti já nígbà tí kò já. Mo ti mu omi èso ní aago mẹ́ta òru nítorí irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ohun tí sẹ́ńsọ̀ sọ kò bá bá bó ṣe ń ṣe yín lára mu, ẹ gún ìka.

Màmá_Tọ́lá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ẹni ọdún 58 ni mí, irú kejì ni tèmi, n kò tíì gba ínsúlínì. Metformin àti glibenclamide ni mo ń lò, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ní kí n máa gbé irin fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí n máa fi ọjọ́ kan ó kéré tán sí àárín wọn. Ṣé gbogbo jíjá wálẹ̀ tí ẹ ń sọ yìí kàn mí?

Nọ́ọ̀sì_Àtọ̀gbẹ

Ó kàn yín, màmá. Metformin nìkan kì í sábà já ṣúgà wálẹ̀, glibenclamide ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ń fi tipátipá mú kí ara tú ínsúlínì jáde, yálà ẹ jẹun tàbí ẹ kò jẹun. Ẹ máa yẹ ṣúgà wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ẹ bá parí, kí glúkóòsì sì wà nínú àpò yín. Ẹ tún bi dókítà bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín jẹ́ èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí “olol”, bíi atenolol tàbí propranolol. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè bo gbígbọ̀n ara àti kíkì àyà mọ́lẹ̀ nígbà tí ṣúgà bá ń já, ó lè jẹ́ òógùn nìkan ni ẹ óò fi mọ̀. Ìmọ̀ràn tí dókítà fún yín dára púpọ̀, torí bí iṣan bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àyè tí ṣúgà ń wọ̀ sí ń gbòòrò sí i.

Ojú_Lalákàn

Kí gbogbo wa tó fi irin kún irin, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún 19 ni mo ti ní àtọ̀gbẹ kí ojú mi tó ṣe mí. N kò lọ yẹ̀ ẹ́ wò fún ọdún mẹ́rin, torí mo ń ríran kedere. Lọ́jọ́ kan, mo di èémí mú, mo gbé irin tó wúwo jù lọ ní gbogbo ìgbésí ayé mi, bí mo ti gbé e sílẹ̀, bí ẹni pé wọ́n da taàdáwà sínú omi ló rí lójú ọ̀tún mi. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tí kò lágbára ti ń hù sí ẹ̀yìn ojú, láìjẹ́ pé mo mọ̀, ọ̀kan nínú wọn ló bẹ́. Iná lésà àti oṣù púpọ̀ ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀yìn ojú rẹ̀ bá ti bàjẹ́ dé ibẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé irin wúwo, kò sì gbọdọ̀ di èémí mú kó máa rọnú, títí dókítà ojú yóò fi yọ̀ǹda. Ẹni tí tirẹ̀ kò tíì bàjẹ́ lè máa gbé e lọ. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ìyàtọ̀, nítorí kì í dunni. Ní báyìí, irin tí mo lè gbé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ń gbé, mo sì ń mí síta bí mo bá ń tì í. Ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín náà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ ń kú tipiri, torí irin lè ha ènìyàn lẹ́sẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Olùkọ́_Ìdárayá

Mo ń kọ́ àwọn ènìyàn ní irin, mo sì ní irú kìíní. AgbérinTuntun, bí ẹ bá fẹ́ sáré lọ́jọ́ tí ẹ gbé irin, ẹ gbé irin ṣáájú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré, ṣúgà rẹ̀ á ti lọ sílẹ̀ kó tó dé ìdí irin. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé irin, gíga tí irin mú wá yóò gbé eré náà ró. Àkókò náà ṣe pàtàkì. Láàárọ̀ kùtù kí ènìyàn tó jẹun, irin sábà máa ń gbé ṣúgà sókè ju ti ìrọ̀lẹ́ lọ, àmọ́ òru jìnnà sí i, jíjá wálẹ̀ tó bá sì fẹ́ ṣẹlẹ̀ lè bá ènìyàn lójúfò.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ní ilé ìdárayá, ẹnì kan lè bẹ̀ yín pé kí ẹ fún òun ní ínsúlínì díẹ̀ kí iṣan òun lè tóbi. Ẹ má fún un. Ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ lè kú láàárín wákàtí díẹ̀, àjọ WADA, tó ń gbógun ti lílo oògùn ìrànwọ́ nínú eré ìdárayá lágbàáyé, sì ti kà á mọ́ ohun tí eléré ìdárayá kò gbọdọ̀ lò, àfi ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ nítorí àìsàn rẹ̀. Àwa tí a ń lò ó láti wà láàyè kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé. Ọdún 1997 ni wọ́n sọ fún Steve Redgrave, atukọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ó ní àtọ̀gbẹ, lẹ́yìn tó ti gba góòlù Olympics mẹ́rin. Ó ń gba ínsúlínì nígbà tó gba ìkarùn-ún ní Sydney lọ́dún 2000. Ẹ sọ ìyẹn fún ìyàwó yín.

AgbérinTuntun

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo wá jábọ̀. Dókítà gbà pé kí n dín ínsúlínì alẹ́ kù láti yúnítì 20 sí 16 lọ́jọ́ irin nìkan, kí n sì yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú ti oúnjẹ alẹ́. Mo ra ìwé kan, mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ ní 128, mo parí ní 214. Ó ṣòro fún mi láti jókòó wò ó láìfọwọ́ kan abẹ́rẹ́, àmọ́ mo dúró. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti di 176. Ní aago méjì òru, 118 ni, láàárọ̀, 109. Lọ́jọ́ kejì, 247 ni mo fi parí, ó sì wà ní 239 lẹ́yìn wákàtí kan, mo wá gba ìdajì àtúnṣe. Òru ọjọ́ yẹn, 96 ni mo bá, mo jẹ nǹkan díẹ̀, mo padà sùn.

Itan ni mo ti ń gún, ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì. Mo ti kúrò níbẹ̀. Mo sì ti gba ọjọ́ àyẹ̀wò ojú, torí ọ̀rọ̀ Ojú_Lalákàn kò jẹ́ kí n sùn. Títí di ọjọ́ náà, irin tí mo lè gbé ní ẹ̀ẹ̀méjìlá ni mo ń gbé.

Ìyàwó mi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún ènìyàn ní glucagon. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣètò aago sí méjì òru lórí fóònù rẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ kí n máa dá ṣọ́ ara mi.